Kòkòrò Tó Ń Jẹ Iyùn ní Ìsàlẹ̀ Òsì

Ẹ̀yin ọmọ tó jáde ilé ìwé lọ́dún yìí, tẹ́ ẹ wá ń jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ mi ní Bẹ́yẹrúnkà láti àárọ̀ dalẹ́, tẹ́ ẹ ní ẹ ń ro iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa kọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Iṣẹ́ kì í wá bá ẹni tó jókòó tó ń ro ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Bí mo bá sọ ọ́ tán, kí kálukú dìde kó lọ wá ọ̀gá tó le.

Èmi Ràbíátù, tí gbogbo Ọjà'ba mọ̀ sí Ìyá Ẹlẹ́ja Gíláàsì, mi ò ta ẹja rí láyé mi. Ẹja wíwò ni mo ń tọ́jú, àwọn ẹja kéékèèké aláràbarà tí àwọn èèyàn ń sìn sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ wọn. Ó lé lógún ọdún tí mo fi ṣe é. Mo fi kọ́lé, mo fi rán ọmọ níwèé, mo sì fi gbayì láàárín àwọn ọkùnrin tó ní obìnrin ò lè gé gíláàsì. Ẹnu wọn ti wọhò báyìí.

Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà, bàbá mi tó ń rán fìlà mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Bẹẹrẹ. Wọ́n ṣàdúrà, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, ó parí. Ìyá mi sunkún títí. Ó ní, "Ọmọbìnrin nídìí gíláàsì! Ta ló máa fẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá?" Mo rí ọkọ fẹ́ o, a dúpẹ́. Òun náà kàn ń pè mí ní ìyàwó ẹja ni.

Ọ̀gá Lásísì lorúkọ ọ̀gá mi. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun nígbà náà. Ó ń gé gíláàsì fèrèsé, ó ń fi gíláàsì sí fọ́tò àwọn tó ti Mẹ́kà dé, ó sì ń kan àpótí ẹja. Irin la fi ń ṣe igun àpótí láyé ọjọ́un, pọ́tì la fi ń dí i, pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ la sì fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi nígbà tí iná mànàmáná bá lọ. Iná ò sì kí ń pẹ́ lọ. Apá mi ọ̀tún yìí, tẹ́ ẹ ń wò yìí, pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ló sọ ọ́ di apá alágbẹ̀dẹ.

Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, Ọ̀gá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan omi rárá. Ó gbé àpótí ìjókòó kan fún mi síwájú ẹja mẹ́fà, ó ní kí n máa wò. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á pè mí.

"Kí lo rí?"

"Ẹja ni mo rí, sà."

"Ẹja! Ìyá rẹ tó ń ta iyọ̀ l'Ọ́jà'ba náà lè rí ẹja. Padà síbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, màá ní mo rí ẹja pupa mẹ́rin àti dúdú méjì. Á ní kí n padà síbẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sá lọ. Ojú mi ń pọ́n, ìdí ń dùn mí, àwọn ọmọṣẹ́ yòókù ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó tuntun ń wo ọkọ. Nígbà tó di ọjọ́ kan, mo sọ fún un pé ẹja dúdú tó kéré máa ń dúró kí àwọn yòókù jẹun tán kó tó jẹ, àti pé láti àná, ó ń mí yára ju bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀gá dìde, ó wá wò ó fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ó ti ń ríran díẹ̀díẹ̀." Ìyìn tí mo gbà lọ́dún yẹn ò ju ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ojú ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọwọ́ kàn ń jíṣẹ́ fún ojú ni.

Ká má wá sọ ti ọṣẹ. Yorùbá ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Lọ́dọ̀ Ọ̀gá Lásísì, bí ọmọdé bá fi ọṣẹ wẹ ọwọ́, ilé ìyá rẹ̀ ni yóò lọ jẹun. Ọṣẹ díẹ̀, ìpara díẹ̀, lọ́fínńdà díẹ̀, ó lè pa ẹja inú àpótí tán. Ọjọ́ kejì Iléyá kan báyìí, mo kun ìpara tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi, mo wọlé pẹ̀lú ayọ̀. Kò jẹ́ kí n kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó lé mi lọ sílé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà, títí mo fi fi eérú fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Mo bú u lábẹ́lẹ̀ o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ kò sí ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan tó fi ọwọ́ ìdọ̀tí pa ẹja oníbàárà rí.

Ohun kan wà tó jẹ́ àṣírí ilé wa. Bí ìfọ́n bá mú ẹja, ara rẹ̀ á kún fún àmì funfun bí ẹní wọ́n iyọ̀ sí i, á wá máa fi ara nu òkúta. Ọ̀gá á yọ kọ́bọ̀ pupa méje nínú ìgò kan, á fi omi fọ̀ wọ́n, á jù wọ́n sínú omi náà, á sì fi wọ́n síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbà ara kọ́bọ̀ yẹn á pa ìfọ́n, ẹja á yá. Ọ̀gá tirẹ̀ ló kọ́ ọ, owó bàbà ayé òyìnbó ni ìyẹn ń lò. Mo fojú mi rí i tó ṣiṣẹ́, kò ṣeé kà. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà, a ò sì bi í ní ìdí.

Ó ku oṣù mẹ́fà kí n gba fírídọ̀ọ̀mù nígbà tí Bàbá Atukọ̀ ránṣẹ́ pè wá sí Ìsàlẹ̀ Òsì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá yìí fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun kó tó padà wá sí agboolé wọn. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Èkó, etí òkun ni wọ́n bí i sí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un láti ọdún kan sẹ́yìn, apá kan ara rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun kan ṣoṣo tó ń tọrọ ni pé kí wọ́n jẹ́ kóun rí òkun lẹ́ẹ̀kan sí i. Dókítà ní wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e rìnrìn àjò. Bàbá Atukọ̀ wá ronú sí i. Torí pé kò lè gbé ìyàwó lọ bá òkun, ó gbé òkun wá bá ìyàwó. Ọ̀gá mi ló kan àpótí tó gùn ju bẹ́ẹ̀dì lọ, lọ́rì ló kó omi òkun wá láti Èkó nínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lójú òkun ló sì kó ẹja, edé àti iyùn ààyè wá.

Bẹ́ẹ̀ ni, iyùn ààyè. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Iyùn tí ìyàwó ń so sọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí àwọn olóyè ń fi yangàn, ara ẹ̀dá abẹ̀mí ló ti wá. Nínú òkun, á lẹ̀ mọ́ òkúta, á la ẹnu bí òdòdó nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, á sì pa á dé bí ohun kan bá fọwọ́ kàn án. Oríṣiríṣi ló wà: pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ osùn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tó ń la, mo kígbe "Sùbúhánàlláhì!" débi tí Màmá Èkó fi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Méjìlá ni iyùn ọ̀hún. Èyí tó kéré jù, tó ní àwọ̀ ewé tí àárín rẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin adìyẹ, Màmá sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́. Àràárọ̀ ló ń kí i kó tó kí ọkọ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí fún oṣù mélòó kan. Èmi ni Ọ̀gá ń rán lọ tọ́jú omi náà, ahọ́n mi ni mo sì fi ń wọn iyọ̀ rẹ̀. Àfi bí àwọn iyùn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹnu dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ò la mọ́, òmíràn ń tín-ín-rín, ara wọn ń já jẹ bí aṣọ tí eku jẹ. Màmá ò jẹun dáadáa mọ́. Ó ní, "Ràbí, wọ́n ń kú mọ́ mi lójú."

Ọ̀gá wá, ó wò ó fìrí, ó ní ìfọ́n ni.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ẹja ò fi ara nu òkúta. Iyùn nìkan ló ń ṣàìsàn."

"Ah-ah! Fírídọ̀ọ̀mù ku oṣù mélòó, o ti fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó ka kọ́bọ̀ pupa méje sínú omi òkun, a sì bá tiwa lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi. Àwọn ìgbín òkun tó máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ti já bọ́ sílẹ̀, wọ́n dojú dé. Edé ti kú, ó ká kò. Iyùn méje ti yọ́ bí ọṣẹ tó sùn sómi. Márùn-ún tó kù ti fún pọ̀, Àbẹ̀kẹ́ ò sì ju èékánná lọ mọ́. Omijé ń ṣàn láti ojú Màmá Èkó wọ inú etí, kò sì ní okun tó fi lè gbé ọwọ́ nù ún. Mo nù ún fún un, èmi náà bú sẹ́kún.

Wọ́n sáré lọ pe Ọ̀gá wá. Bàbá Atukọ̀ ti dúró dè é láàárín ilé.

"Lásísì, kí lo fún wọn?"

"Kọ́bọ̀ méje ni, Bàbá. Bàbà ara rẹ̀ ló ń..."

"Bàbà!" Bàbá di orí mú. "Ọ̀dà bàbà la fi ń kun ìdí ọkọ̀ òkun kí ìgbín àti iyùn má baà lẹ̀ mọ́ ọn! Oró ni fún wọn, Lásísì! O ti pa òkun ìyàwó mi!"

Mi ò rí Ọ̀gá mi bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin tí gbogbo Bẹẹrẹ ń bẹ̀rù, ó jókòó sílẹ̀ gbì bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀. Ó ní ohun tó ń wo ẹja inú omi tí kò níyọ̀ sàn ni, òun ò mọ̀ pé ẹ̀dá inú iyọ̀ yàtọ̀. Òótọ́ ni, kò mọ̀. Àmọ́ àìmọ̀ ò jí òkú.

Mo bọ́ sínú iṣẹ́. Kọ́bọ̀ mẹ́fà ni mo rí kó. Mo fi ọwọ́ tú iyanrìn títí kí n tó rí ìkeje lábẹ́ òkúta, ó ti hu àwọ̀ ewé. Bàbá Atukọ̀ àti Ọ̀gá gbéra lọ sí Èkó lọ́jọ́ náà pẹ̀lú lọ́rì láti lọ pọn omi òkun tuntun. Wọ́n ní kí n dúró ti Màmá. Kẹ́ẹ̀gì omi òkun mẹ́ta tí a tọ́jú wà ní ìdí ògiri, bàbà ò kàn án. Mo bu omi náà sínú abọ́ tánganran funfun mẹ́ta, mo kó iyùn márùn-ún sínú wọn, mo tò wọ́n sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí Màmá lè máa rí wọn. Èmi ni mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí i pẹ̀lú pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ níbẹ̀.

Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán, tí ojú ọ̀run ń là, Màmá pè mí. Ó ní, "Ràbí, wo Àbẹ̀kẹ́. Irun rẹ̀ ń rìn."

Mo rò pé àìsàn ló ń bá a sọ̀rọ̀. Mo wò ó. Ẹ̀rù bà mí. Nǹkan kan tó dà bí ìtànná ara Àbẹ̀kẹ́ gan-an, àwọ̀ kan náà, irun wẹ́wẹ́ kan náà, ń wọ́ lọ lórí abọ́ funfun bí ìgbín tí kò ní ìkarahun. Kò tó èékánná ọmọdé. Nínú àpótí ńlá, kò sẹ́ni tó máa rí i láé, torí ó jọ ohun tó ń jẹ. Lórí tánganran funfun yìí, kò rí ibi sá sí.

Mo ní, "Màmá, ẹ ti rí i rí ni?"

"Tipẹ́tipẹ́. Gbogbo ìdájí ni mo ń rí i. Mi ò sọ, wọ́n á ní orí mi ti dàrú."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Kì í ṣe ìfọ́n rárá. Olè ló wọ aṣọ onílé, tó jókòó sí pálọ̀ tó ń jẹ ẹran onílé. Obìnrin tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, tí a kò bi léèrè ọ̀rọ̀ kankan, òun nìkan ló ti rí i.

Mo fi ẹ̀mú kékeré ṣa èyí tí mo rí. Ọ̀kan bọ́ sínú abọ́ omi òjò tí mo fi ń ṣan ọwọ́. Kí n tó sọ pé kí lèyí, ó ká kò, kò mira mọ́. Ọgbọ́n bá sọ sí mi lọ́kàn. Omi tí kò níyọ̀ ló pa á. Bí mo bá ri iyùn fúnra rẹ̀ bọ omi òjò fún ìgbà díẹ̀, ṣé kòkòrò ò ní já bọ́ kí omi náà tó dé egungun iyùn? Ìgbà díẹ̀ wá jẹ́ báwo? N kò ní aago. Tẹ̀sùbáà mi wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ọrùn ọwọ́ wo omi òjò pé kò tutù ju omi òkun lọ, mo mú iyùn pupa kan, mo rì í, mo ka ọ̀kàndínlógójì "Sùbúhánàlláhì" lórí ìlẹ̀kẹ̀. Kòkòrò mẹ́rin já bọ́. Mo yọ ọ́ padà sínú omi òkun. Nígbà tó di ọ̀sán, iyùn pupa yẹn la díẹ̀. Màmá ké, "Ó là! Ó là!"

Mo wá ní kí n ṣe ti Àbẹ̀kẹ́, tí kòkòrò pọ̀ lára rẹ̀ jù. Tirẹ̀ gbọ́dọ̀ pẹ́ díẹ̀ sí i, àádọ́rin ìlẹ̀kẹ̀. Mo dé orí ogójì nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lórí.

"Ràbíátù! Kí ni yẹn lọ́wọ́ rẹ?"

Mo ń kà.

"Omi òjò! Lórí iyùn òkun! Ṣé èyí tí mo bàjẹ́ kò tó ẹ ni? Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀!"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ro ó wò. Ọ̀gá mi, ẹgbẹ́ bàbá mi, ń bá mi sọ̀rọ̀, mi ò sì gbójú sókè. Ní ilé wa, wọ́n lè lé mi jáde fún ìyẹn. Àmọ́ bí mo bá ṣì í kà, bí mo bá yọ ọ́ kíá jù, kòkòrò á kù síbẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, Àbẹ̀kẹ́ á kú. Ó na ọwọ́ láti gba abọ́ náà. Màmá Èkó, tí kì í lè gbé ohùn sókè láti ọjọ́ tí àìsàn ti mú un, pariwo pé, "Ó ń kà! Lásísì, fi í sílẹ̀, ó ń kà!"

Ọwọ́ Ọ̀gá dúró lófuurufú. Mo ka àádọ́rin, mo yọ Àbẹ̀kẹ́, mo gbé e sínú omi òkun. Ìgbà yẹn ni mo wá kúnlẹ̀ tí mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ẹ wo ìsàlẹ̀ abọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Ó wò wọ́n títí. Ọkùnrin agídí, kò ní kó má sọ tẹnu rẹ̀: "Ó dáa. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá yè, o gba fírídọ̀ọ̀mù. Bó bá kú, ọdún méjì lo máa fi kún tìrẹ, torí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ohun tí mi ò rán ẹ."

Mo ní, "Mo gbà, sà." Ẹnu mi ló gbà á, ìyá mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹfà, mo yẹ Àbẹ̀kẹ́ wò, mo tún rí kòkòrò. Kéékèèké ni, bí orí abẹ́rẹ́. Ọ̀gá ní, "Ṣé o rí i? Omi òjò rẹ ò ṣiṣẹ́." Inú mi bàjẹ́. Mo lọ sílé, mo bá ìyá mi tó ń fi òòyà wá iná lórí àbúrò mi. Ó ń rojọ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá a tán. Mo jókòó tì í, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kan sọ sí mi lọ́kàn: bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹyin! Ẹni tó bá pa iná tí kò pa ẹyin iná, eré ló ń ṣe. Mo sáré padà sí Ìsàlẹ̀ Òsì, mo yí Àbẹ̀kẹ́ dorí kodò. Lábẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, ẹyin funfun ló lẹ̀ mọ́ ọn, ó ká bí òwú tí wọ́n ká sára kẹ̀kẹ́ òwú. Omi òjò ò lè ṣe é nǹkan kan. Mo gbẹ́ ẹnu igi ìgbálẹ̀ kan, mo fi ha gbogbo rẹ̀ kúrò.

Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ọjọ́ mẹ́fà mẹ́fà, mo ń rì wọ́n, mo ń ka tẹ̀sùbáà, mo ń ha ẹyin. Inú àpótí ńlá, a fọ̀ ọ́, a da omi tuntun sí i, a kò dá iyùn kankan padà síbẹ̀. Ebi ló pa kòkòrò tó bá kù níbẹ̀, torí kò mọ nǹkan míì jẹ. Iyùn kan kú lọ́wọ́ mi, èyí tó ní àwọ̀ osùn, mi ò ní bò ó. Ní ìgbà karùn-ún, mo wá kòkòrò títí, mi ò rí ẹyọ kan. Ní ìgbà kẹfà, mi ò rí ẹyọ kan. A dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sínú àpótí. Mẹ́ta la ẹnu. Àbẹ̀kẹ́ ò la.

Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́rin. Mi ò lè jẹun. Ọdún méjì ń fẹ́ já lé mi lórí, Màmá ò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ń gun òkè Ìsàlẹ̀ Òsì bọ̀ ni mo gbọ́ ariwo. Gbogbo agboolé ti kún pálọ̀. Bàbá Atukọ̀ ń jó! Ọkùnrin àgbà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń jó! Àbẹ̀kẹ́ ti la, ó la gbàgà, ó fẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Màmá Èkó ń kí i, ó ń kì í, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀bà wá fóun, ebi ń pa òun. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo sunkún ayọ̀ bí ọmọ kékeré.

Ọ̀gá Lásísì dé. Ó jókòó sílẹ̀ síwájú àpótí, ó tẹjú mọ́ Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo wò ó, mi ò rí i. Màmá rí i, ìwọ rí i." Oṣù yẹn náà ló ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún mi, ó gbé ọ̀bẹ gíláàsì tirẹ̀ gan-an lé mi lọ́wọ́, ó sì gbàdúrà débi tí àwọn èèyàn fi ṣàmín títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

Bí mo ṣe ṣí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá Màpó nìyẹn. Mi ò ní fi ìyókù dá yín dúró. Gọ́ọ̀mù inú túùbù dé, a ju irin àti pọ́tì nù. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn dé, apá mi sinmi. Jẹnẹrétọ̀ dé, ariwo ò jẹ́ ká gbọ́ ara wa mọ́. Ìwọ̀n iyọ̀ onígíláàsì dé, ahọ́n mi náà gba ìsinmi, ó kàn ń sọ̀rọ̀ ni báyìí. Àwọn ọmọ yunifásítì ń wá wò mí bí mo ṣe ń ri iyùn bọ omi, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ dàgbà, ó bo òkúta rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gé lára rẹ̀ fún ilé mẹ́ta. Ọdún mọ́kànlá ni Màmá Èkó tún fi wò ó lójoojúmọ́. Ìborùn pupa ni wọ́n fi sin ín, Bàbá Atukọ̀ sì ní, "Ó rí òkun rẹ̀ títí dọ́jọ́ ikú."

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé nìyí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá ṣiṣẹ́, Ọ̀gá Lásísì ti di arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn. Oníṣòwò aṣọ kan ní Òjé ra àpótí omi òkun ńlá, iyùn rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó sì pe Ọ̀gá, torí orúkọ rẹ̀ ló ti gbọ́ láti kékeré. Ọ̀gá wá ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, pálọ̀ kún fún èèyàn. Ọ̀gá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá, kò fọwọ́ kan omi. Onílé ti ń bínú.

Ó ní, "Bàbá, láti àárọ̀ lẹ ti jókòó. Ẹ ní ẹ ń dúró de ọ̀gá yín. Ṣé ọ̀gá yín ṣì wà láyé ni?"

Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ wọ ẹnu ọ̀nà nìyẹn, pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Ọ̀gá Lásísì fi ọ̀pá tọ́ka sí mi.

"Òun ló ń bọ̀ yẹn."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo gbé garawa sílẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Dìde, dìde, àwọn èèyàn ń wò wá, ọ̀gá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọṣẹ́." Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò." Mo kúnlẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn kí n tó dìde, kí n tó ká aṣọ mi, kí n tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́.